Bèbè Tí Barigye Fá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ní òkè kan nítòsí Kabale, níbi tí oko ti gun orí ara wọn bí àtẹ̀gùn, bàbá kan wà tí ń jẹ́ Barigye. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba Kampala lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù tí ń bá a sọ̀rọ̀ ni Kyarikunda, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ilé àti ọgbà rẹ̀ wà lókè ọgbà tirẹ̀ gan-an. Bèbè gíga kan ló wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n Barigye ló mọ ọ́n nígbà ayé rẹ̀: ó kó erùpẹ̀ lé erùpẹ̀, àwọn aládùúgbò fi ẹsẹ̀ kì í títí ó fi le, wọ́n sì gbin eèsún sí i lára kí gbòǹgbò lè dì í mú.

Nírọ̀lẹ́, Kyarikunda a jókòó sórí bèbè, a máa ju ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀.

"Barigye, ẹ̀wà rẹ tún ti jóná! Mò ń gbóòórùn ẹ̀ níbí."

"Ìyá Kentaro, ẹ jẹ́ kó jóná. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́ ni?"

Ẹ̀fẹ̀ yìí nìkan ni kì í jẹ́ kí alẹ́ gùn jù fún Barigye. Kò mọ iyì rẹ̀.

2.
Ilẹ̀ ìdí bèbè a máa dúdú, a máa lọ́ràá ju ti àárín oko lọ. Barigye fi ọkọ́ fá díẹ̀ níbẹ̀, ó gbin ọ̀dùnkún. Ọ̀dùnkún náà ta gan-an. Nígbà tí ọdún yí, ó fá púpọ̀ sí i, ó hú eèsún dànù, bèbè tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀ wá dúró ṣánṣán bí ògiri.

"Barigye, kí lò ń wá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi?"

"Ọ̀dùnkún ni, ìyá. Bèbè yìí ti fẹ̀ jù."

"Gbòǹgbò lò ń gé yẹn o. Tó bá jẹ́ ọ̀dùnkún lo fẹ́, wá wa díẹ̀ nínú tèmi."

"Èmi? Kí n máa tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ opó?"

Kyarikunda sún àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn.

3.
Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò dá. Lọ́sàn-án, bèbè là, ó ya lulẹ̀. Ó bo ọ̀dùnkún mọ́lẹ̀, ó sì wọ́ ilé ìdáná Kyarikunda lọ. Ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ láti so ewúrẹ́ rẹ̀ ni. Ó dúró létí ibi tó ya, ó wo Barigye nísàlẹ̀. Kò bú u. Kentaro ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí ìlú Mbarara.

4.
Barigye bẹ àwọn aládùúgbò. Wọ́n tún bèbè náà mọ ní ìpele ìpele, wọ́n jẹ́ kó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dáadáa, eèsún sì ta gbòǹgbò. Ó wá ránṣẹ́ sí Kyarikunda pé kó máa bọ̀ nílé.

Èsì rẹ̀ nìyí: "Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé mi ò bínú. Àmọ́ níbi tí mo wà yìí, tí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń rí oorun sùn."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ tó gbé ẹlòmíràn dúró. Kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ìdí bèbè, ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè, kí ẹ wo ẹni tó jókòó síbẹ̀. Erùpẹ̀ tó ya ṣeé kó jọ padà. Ẹni tí ẹ bá sọ ilé ara rẹ̀ di ẹ̀rù fún, bóyá ni yóò padà wá.