Àpò Omi Tó Ga Jù

Dókítà oníṣẹ́-abẹ kan wà tí kò mọ ibi tó yẹ kí iṣẹ́ dúró. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì tó o. Bó bá jẹun tán, abọ́ rẹ̀ kì í wá omi mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Máfiṣẹ́kù. Ó gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé oríyìn ni.

Àwọn bàbá tí ìtọ̀ há mọ́ nínú ló ń tọ́jú. Ẹran kan wà lọ́rùn àpò ìtọ̀ tó máa ń wú bí ọkùnrin bá ń dàgbà, tí yóò sì dí ọ̀nà. Máfiṣẹ́kù á ki irin tín-ín-rín gba ojú ara wọlé, á máa gé ẹran náà wẹ́wẹ́. Omi á máa ṣàn wálẹ̀ láti inú àpò tí wọ́n gbé kọ́, kó lè fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú iṣẹ́. Òkìkí rẹ̀ kàn.

Ṣùgbọ́n omi náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá gbé e ga jù, tàbí tí iṣẹ́ pẹ́ jù, á wọnú ẹ̀jẹ̀, á sì gun orí. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń mú ìsàlẹ̀ ara nìkan kú, kí ẹnu aláìsàn lè máa ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró.

Ó wá kan bàbá télọ̀ kan, aláwàdà.

"Dókítà, èmi tí mò ń gé ṣòkòtò, mo máa ń fi ìṣẹ́tí sílẹ̀ o."

"Bàbá, kò sí ìṣẹ́tí níbí."

Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ bo ojú iṣẹ́. "Ẹ gbé omi yẹn sókè sí i," ni Máfiṣẹ́kù wí.

Dókítà obìnrin tó gún bàbá lábẹ́rẹ́ wo aago. "Ọ̀gá, wákàtí kan ti kọjá. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀, ìtọ̀ á ráyè kọjá."

"Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ tẹ́ ẹ ti ń wí látẹ̀ẹ̀kan."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bàbá dákẹ́. Ó yán lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní, "Ta ló paná?"

Iná tó wà lókè orí wọn ń tàn bí ọ̀sán gangan. Máfiṣẹ́kù rẹ́rìn-ín. "Bàbá aláwàdà." Ó gé ẹyọ kan sí i. Ibẹ̀ ni ara bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bàbá ò kú. Ojú rẹ̀ padà ríran, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ò padà bọ̀ sípò. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. Bàbá fi ìka wọn èjìká rẹ̀. "Màdámù, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ wá gba aṣọ yín?" Ọmọ náà wo ojú Máfiṣẹ́kù.

Ilé ìwòsàn gba abẹ lọ́wọ́ Máfiṣẹ́kù. Ọdún ń gorí ọdún, ìtọ̀ tirẹ̀ náà há. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó mọ̀ dunjú, dókítà obìnrin yẹn sì dúró níbi orí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi yẹn wálẹ̀ díẹ̀."

"Ó ti wá sílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀."

Kí ni yóò sọ? Ohun kan ṣoṣo ni Máfiṣẹ́kù ń bi í títí iṣẹ́ fi parí: "Ṣé iná ṣì ń tàn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí a ó ti dúró. Ẹni tó ní ká ṣe é mọ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa, ìṣẹ́tí tí a fi sílẹ̀ kò sì ba aṣọ jẹ́. Bí aláwàdà bá sì ní ilẹ̀ ti ṣú, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín.