Ilé Tí Dókítà Kọ fún Wúràọlá

Ilé ni dókítà ń kọ fún aláìsàn báyìí bí ẹni ń kọ oògùn. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ń kó ẹrù Wúràọlá lọ sí ilé tuntun tó ní igi àti omi ẹ̀rọ, nítorí ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ìlara ń jó Adéọtí, aládùúgbò rẹ̀, lọ́kàn.

"Ẹ kú oríire," ló wí.

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí irú oríire yìí," ni Wúràọlá dáhùn.

Adéọtí gbé ọmọ tirẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ tí dókítà fi ń yẹ àìsàn wò ládùúgbò, ó sọ sí i létí pé, "Húkọ́." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ ní, "Àyà rẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí a máa kọ fún un."

Nígbà tí wọ́n padà sí yàrá wọn lẹ́bàá ààtàn tí ń rú èéfín, Adéọtí wo ọmọ náà títí. Inú ń bí i pé ara ọmọ òun le.