Àgbò àti Ẹ̀dà Rẹ̀

Àgbò méjèèjì jọra bí ìbejì. Alápatà ya ẹnu wọn wò; eyín ti tán lẹ́nu ọ̀kan. Arúgbó tí dókítà tó ni wọ́n ní kó pa nìyẹn. Àgbò náà kàn án mọ́ ògiri, egungun ìhà rẹ̀ kan ṣẹ́. Alápatà fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, ó dú u, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

“Dókítà, mo ti bá yín pa bàbá o!”

Dókítà sáré wọlé, ó wo nọ́ńbà tó wà létí òkú náà, ó figbe ta. “O ti ba ayé mi jẹ́! Ẹ̀dà tí mo fi sẹ́ẹ̀lì bàbá ṣe nìyí, ọmọ ọdún méjì!”

“Ọdún méjì kẹ̀? Ẹ wo ẹnu ẹ̀ ná.”

Dókítà kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó wò ó: ọmọ ọdún méjì ti gbó bíi bàbá. Ó wá yíjú sí ọgbà kejì, níbi tí ogún àgùntàn ti lóyún ẹ̀dà kan náà.

“Pọ́n ọ̀bẹ yẹn,” ló wí.