Píkọ́ọ̀pù Tó Gbóná

Oyèékàn na ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ̀lì àlòkù náà nírọ̀lẹ́, ó sì yára fà á padà. Ó gbóná.

“Sùnmọ́nù, ò ń tà á, o tún ń tàn mí. Mo gba kọ́kọ́rọ́ sápò lánàá kó o má baà sítáàtì rẹ̀ kí n tó dé. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù là á mọ̀ bóyá ó ń sítáàtì dáadáa. Ṣé èyí ni màá fi kó kòkó mi kí òjò tó dé?”

“Bàbá, bátìrì rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. N ò tíì gbé e sí i.”

Koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká.

“Irọ́ lẹ̀yin tó ń ta ọkọ̀ fi ń jẹun,” ni Oyèékàn wí, ó kẹ̀yìn sí i.

Ẹnìkan húkọ́ nínú ọkọ̀ tó ṣófo, ẹ́ńjìnnì sì sítáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ilé tí Oyèékàn sá dé ló ti rántí pé kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lápò òun.