Obì Góòlù Tó Níhò

Àlàájà gbé obì góòlù náà sókè sí oòrùn, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń ṣa obì tòótọ́ lọ́jà Ṣàgámù.

"Awẹ́ mẹ́rin pé. Ihò wo wá rèé?"

"Ihò séènì ni, Àlàájà. Òun ni ìyàwó máa fi gbé e kọ́rùn," ni alágbẹ̀dẹ góòlù wí.

"Kòkòrò ló jẹ ẹ́. Obì la fi là nílé wa. Èmi tí mi ò gba oníhò lọ́wọ́ ará oko rí, ọmọ mi ni n ó wá gbé e kọ́ lọ́rùn lọ sílé ọkọ?"

Gbogbo góòlù tí alágbẹ̀dẹ ní ló ti yọ́ ṣe obì yìí. Ta ni yóò tún rà á ní Makun níbí?

Obìnrin kan tó fi ìborùn bo orí yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá alágbẹ̀dẹ, ẹ tà á fún mi. Obì tó bá dùn ni kòkòrò ń yàn jẹ. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ni n ó fi hàn."

Àlàájà di obì náà mú gírígírí. "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò rà? Ojú ẹ tètè ń wọ nǹkan olówó." Ó sanwó, ó wọ Péjò rẹ̀, ó lọ.

Obìnrin náà ká ìborùn kúrò lórí, ó jókòó ti ẹwìrì ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Sìkírá," ló wí, "tèmi, ihò méjì ni kẹ́ ẹ lu sí i."