Ọ̀kadà Ọdún Tí Afárá Wó

Ọ̀rá tuntun tí Láńre tó ń ta ọ̀kadà fi wé ìjókòó ọ̀kadà àlòkù náà ló tan Ìyá Ìgè jẹ. Ó rà á fún Ìgè ọmọ rẹ̀, àmọ́ bó ṣe gbé e délé báyìí ni ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Ìyá Ìgè tì í padà sí ìsọ̀ Láńre létí odò, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní kókó ìró.

“Dá owó mi padà. Ọdún mẹ́ta péré lo kọ sára pátákó pé wọ́n ti lò ó. Ìwọ yìí, o ò tilẹ̀ mọ irọ́ pa. Èmi náà ni mo gọ̀, tí mò ń wo ọ̀rá bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.”

Láńre yínmú. “Màmá, ṣé ẹ̀yin tí ojú yín ń ṣe bàìbàì lẹ fẹ́ mọ ọjọ́ orí irin?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wà lórí ọ̀kadà náà kí wọ́n tó rí i. Òjò ò rọ̀, àmọ́ ṣòkòtò rẹ̀ ń ro tótó.

“Ọdún tí afárá wó ni mo rà á ní tuntun,” ló wí.

Láńre bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ àná yìí? Wọn ò tíì bí èmi gan-an nígbà yẹn.”

Ìyá Ìgè ò rẹ́rìn-ín. Oyún Ìgè ló wà nínú rẹ̀ lọ́dún náà, wọn ò sì tún afárá yẹn kọ́ mọ́. Ó fọwọ́ kan kókó ìró. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti ń dún, kò sì wúkọ́ mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dorí rẹ̀ kọ odò, ó sún síwájú.

“Àyè ẹnì kan wà lẹ́yìn mi. Ta ni kí n gbé sọdá afárá nínú yín?”