Bátìrì Fìlà Màmá

Rédíò Àjàgbé máa ń pariwo ju ẹgbẹ̀rún àkùkọ lọ, ṣùgbọ́n bátìrì tó yọ nínú fìlà oníná màmá rẹ̀ ló ń lò sí i. Dókítà ní kí màmá máa dé fìlà náà lálaalẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè jí ọpọlọ. Òfìfo ni Àjàgbé ń dé fún un, títí ìyá ò fi mọ orúkọ ọmọ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rí ọkàn lé e dìde. Ó gbé bátìrì lọ sí yàrá màmá, níbi tí bàbá rẹ̀ kú sí. Fìlà ti ń tàn yòò!

"Àjàgbé, ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, màámi. Ta ló bá yín tàn án?"

"Bàbá ẹ ni. Ó ní kó o máa lo bátìrì yẹn lọ."

Lẹ́yìn Àjàgbé gan-an, ẹnìkan wúkọ́.